Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Gbé Fágúnwà Jáde Lọ́jọ́ Ìlú

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọjọ́ ìlú o, ẹ̀yin ìgbìmọ̀. Ẹ ò bi mí, ṣùgbọ́n bí a bá tún kó àwọn ọmọ ilé ìwé jókòó sábẹ́ àtíbàbà pé kí wọ́n wá gbọ́ ìyànjú lórí ìwé Yorùbá, wọn yóò sùn lọ ni.

Ẹ mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Ẹ pín àwọn akọni inú rẹ̀ fún kíláàsì, kí àwọn ọmọ múra bí akọni tiwọn, kí wọ́n sì yíde lọ́jọ́ ìlú: Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn fún kíláàsì kan, Olóhùn-iyọ̀ fún àwọn tó mọ orin kọ. Páálí, àpò sìmẹ́ǹtì àti ògbólógbòó ìró ìyá wọn ti tó dá aṣọ. Kí ẹnikẹ́ni má ra nǹkan kan. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ọmọ tó bá fẹ́ bá wọn yíde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ibi tí ìwé ti sọ̀rọ̀ akọni tirẹ̀, ketekete, níwájú tíṣà. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Aṣọ kàn ń fà wọ́n wá ni.

Gbólóhùn Fágúnwà máa ń gùn, àmì ohùn sì máa ń dá àwọn ọmọ ìsinsìnyí dúró. Kí àgbàlagbà kan tó mọ̀ ọ́n kà kọ́kọ́ kà á, kí wọ́n máa kà á tẹ̀lé e. Ká ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú.

Ní ti ẹ̀bùn, ẹ má fún ẹni tí aṣọ rẹ̀ dára jù. Ọmọ olówó ni yóò gbà á. Ẹni tó bá kà á já geere ni kẹ́ ẹ fún, ìwé náà gan-an sì ni kẹ́ ẹ fi ta á lọ́rẹ.