Ẹ fẹ́ lọ sí Alamo Square, páàkì inú Full House? Ẹ má lọ láàárọ̀ o

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó san owó ọkọ̀: ilé Danny Tanner, bàbá inú Full House, eré tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà ìgbà kan, ò sí ní Alamo Square, páàkì tó wà ní San Francisco. Mo mọ̀ pé ó máa dun àwọn kan. Gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ní Oakland, ìlú tó wà lódìkejì omi sí San Francisco, tó sì ti wo Full House nígbà tó wà lọ́mọdé, ohun tó máa kọ́kọ́ bẹ̀ mí ni pé kí n mú òun lọ síbi tí wọ́n ti jókòó jẹun lórí koríko nígbà tí orin ìbẹ̀rẹ̀ bá ń lọ, tí àwọn ilé aláràbarà yẹn tò sẹ́yìn wọn, bá a bá sì ti débẹ̀ tán á bẹ̀rẹ̀ sí í nàka, "èwo ni tiwọn nínú ẹ̀?" Kò séyìí tó jẹ́ tiwọn níbẹ̀. Ilé tí wọ́n máa ń fi hàn látìta pé tìdílé Tanner ni, 1709 Broderick Street ló wà, ẹ ó rìn tó bíi 30 ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó débẹ̀, pálọ̀ àti kíṣìnì àti àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ sì ń wò yẹn, inú sitúdíò ní apá Los Angeles ni wọ́n ti yà á. Torí oúnjẹ orí koríko yẹn la ṣe ń lọ sí páàkì. Tẹ́ ẹ bá ti gbà bẹ́ẹ̀ látilé, ẹ máa gbádùn ẹ̀.

(Páàkì tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti ọkọ̀ bíi ti Ìwó Róòdù o. Koríko ni, àti igi, àti ajá. Ajá pọ̀ gan-an.)

Ọ̀rọ̀ àsìkò ló ṣe pàtàkì jù. Nígbà àkọ́kọ́, aago 9 àárọ̀ ni mo mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ, òun wá láti Ìbàdàn, mo ní ká débẹ̀ kérò tó pọ̀. Lóòótọ́ èrò ò sí. Àmọ́ ìwọ̀ oòrùn làwọn ilé yẹn kọjú sí, páàkì ló wà níwájú wọn, ẹ̀yìn wọn ni oòrùn àárọ̀ ti ń yọ, torí ẹ̀ gbogbo fọ́tò tá a yà lọ́jọ́ yẹn, iwájú ilé ṣókùnkùn, ojú ẹ̀gbọ́n mi náà dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ní èmi ni mi ò mọ fọ́tò yà. Ẹ lọ láti bí aago 3 ọ̀sán sókè. Nígbà yẹn oòrùn á ti yí sí iwájú ilé, gbogbo ọ̀dà ara wọn á sì yọ. Tó bá kù bíi wákàtí kan kí oòrùn wọ̀ ló dáa jù lójú tèmi.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, oṣù July la lọ, ẹ̀gbọ́n mi wọ ańkárá tí kò lápá torí ó gbọ́ pé sọ́mà ni. Ha. San Francisco kì í ṣe ìlú tí wọ́n ń fi sọ́mà tàn lọ o, láti June dé August ni kùrukùru máa ń ti inú òkun wá bo ìlú, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ lórí òkè páàkì yẹn bí ẹni pé ó ń bínú síni. September àti October ló móoru jù níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé July náà lẹ ráyè, ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má bá mi jiyàn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa débẹ̀: látọ̀dọ̀ wa ní Oakland, ẹ wọ BART, ọkọ̀ ojú irin, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Civic Center, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń gba Hayes Street lọ, ẹ̀gbẹ́ páàkì gan-an ló máa já yín sí, káàdì Clipper tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ kan náà lẹ máa fi san méjèèjì. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín o, àmọ́ òkè ni, gígùn sì ni. Ọkọ̀ ara ẹni ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbé. Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí ṣòro rí, tẹ́ ẹ bá sì rí i, kò gbọ́dọ̀ sí nǹkan kan tó hàn síta nínú ẹ̀, àní ọ̀rá lásán. Wọ́n fọ́ gíláàsì ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní ìlú yẹn nítorí báàgì kan, pámpáàsì ọmọ ló wà nínú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ibi tí Hayes àti Steiner ti pàdé ni kẹ́ ẹ gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn dúró sẹ́bàá títì, wọ́n á ya fọ́tò méjì, wọ́n á lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gun orí koríko sókè díẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń gùn ún ni àwọn ilé gogoro àárín ìlú á máa yọ lẹ́yìn àwọn ilé aláràbarà yẹn, èyí tí orí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó yẹn ni Transamerica Pyramid tí wọ́n parí ní 1972. Ká lè rí i bíi ti orí tẹlifíṣàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wà nínú fọ́tò ẹ kẹ́yìn sílé kẹ́ ẹ jókòó, ẹni tó ń yà á ló máa gun òkè lọ kó wá máa wò yín látòkè. Ẹ mú ẹní dání, tàbí ìró tó nípọn, torí koríko máa ń tutù. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ o! Kúlà ìrẹsì wa yí lọ, ajá ẹnì kan ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ wá okúta tàbí bàtà fi dí i. Tẹ́ ẹ ò bá gbé oúnjẹ wá látilé, Divisadero Street tó wà lẹ́yìn páàkì kún fún ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, Bi-Rite, ilé ìtajà oúnjẹ, wà níbẹ̀. Ilé ìtọ̀ wà nínú páàkì, láti ìgbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2017. Ẹ má mu sìgá níbẹ̀, òfin ìlú ò gbà á nínú páàkì.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ àwọn ilé yẹn díẹ̀. Painted Ladies ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ẹni ń sọ pé obìnrin tó tọ́ tìróò tó kun ètè. Ọ̀gbẹ́ni Matthew Kavanaugh ló kọ́ wọn láàárín 1892 sí 1896, òun fúnra ẹ̀ gbé nínú ilé nọ́ńbà 722, ilé ńlá tó wà ní igun lọ́wọ́ òsì yín. Pákó ni gbogbo wọn o. Nílé wa tí wọ́n bá ní èèyàn ń gbé ilé pákó, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ ní 2020 wọ́n ta ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ju mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ, wọ́n sì ní ó ṣì ń fẹ́ àtúnṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní 1906 tí iná sì jó ìlú, ìtòsí Van Ness Avenue ni iná yẹn dúró sí, kò dé ọ̀dọ̀ wọn, inú páàkì yìí làwọn tí ilé wọn jó wá pàgọ́ sí. Mo máa ń rántí ìyẹn tí mo bá ń jẹ ìrẹsì lórí koríko yẹn. Èèyàn ń gbé inú àwọn ilé náà títí dòní, ẹ má gun àtẹ̀gùn wọn, ẹ má jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn torí fọ́tò, ẹ̀yin náà ò ní fẹ́ ẹ.

Ó ku Broderick, fẹ́ni tí ọkàn ẹ̀ ò bá tíì balẹ̀. Ẹ jáde sí Divisadero, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 24 tó ń lọ sápá àríwá, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ tó bá dé apá Bush Street tàbí Pine, ẹ yà sọ́wọ́ òsì, òpópónà tó tẹ̀ lé e ni Broderick. Jeff Franklin tó dá eré yẹn sílẹ̀ ra ilé náà fúnra ẹ̀ ní 2016, ó ti tà á. Ìgbà tí Bob Saget tó ṣe Danny Tanner kú ní January 2022, iwájú ibẹ̀ làwọn èèyàn ń gbé òdòdó wá sí. Àwọn aládùúgbò ti ráhùn gan-an nípa èrò, nítorí náà òdìkejì títì ni kẹ́ ẹ dúró sí, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ má tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú 5 ti tó.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì mi lọ́rùn, ó wo ilé yẹn lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní irọ́ ni, èèyàn 9 ò lè gbé inú eléyìí. La bá wá bọ́ọ̀sì lọ.