Ẹ Wo Ìjánu Kí Ẹ Tó San Owó: Ìtọ́sọ́nà lórí Ọ̀pá Ìwọ̀ àti Ríìlì fún Apẹja Agbègbè Ẹ̀pẹ́

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀pá ìwọ̀ àti ríìlì (kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ká okùn sí lára ọ̀pá) lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn la kọ ìwé yìí fún, àti àwọn tó fẹ́ fi owó ara wọn rà á. A ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń fi ìdẹ sẹ́nu ìwọ̀ tàbí ibi tí ọ̀bọ̀kún máa ń wà. Ọmọ etí ọ̀sà kì í béèrè ìyẹn. Ọ̀pá tó ń dá àti okùn tó ń já léraléra ló fa ọ̀rọ̀. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tí wọ́n gbé wá fún wa wò, ọ̀pá ò burú, okùn ò burú. Ìjánu ríìlì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń lọ́ láti fi pinnu bí ẹja ṣe máa fà tó kí okùn tó yọ̀ jáde, ni wọ́n lọ́ pa.

A mọ ohun tó ń fà á. Láti 1984 tí koríko omi tó ń léfòó yìí ti gba omi Àgbádárìgì wọlé, ó ti gbilẹ̀ káàkiri. Bí ẹja bá ti gbé ìwọ̀ mì, abẹ́ koríko ló ń sá lọ. Apẹja á wá lọ́ ìjánu gbọin-gbọin kó má baà lọ. Ẹja fà lẹ́ẹ̀kan, okùn ò rí àyè yọ̀, nǹkan kan á dá. Ẹ fi ìjánu sílẹ̀ bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n nílé. Tí ẹ bá fẹ́ dá ẹja dúró, àtẹ́lẹwọ́ ni kẹ́ ẹ fi tẹ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ okùn, kẹ́ ẹ sì darí ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe sókè.

Ìwọ̀n rẹ̀ nìyí: ìjánu kò gbọdọ̀ kọjá ìdámẹ́ta agbára okùn. Okùn tí wọ́n kọ 20 lb (pọ́n-ùn 20) sára ike rẹ̀ ń gbé nǹkan bíi kílò 9, nítorí náà kílò 3 ni òpin ìjánu rẹ̀. Ti 12 lb ń gbé bíi kílò 5 àbọ̀, kílò 1.5 ti tó o. Ẹ má sọ pé ẹ ò ní òṣùwọ̀n. Ìgò omi lítà 1.5 kan, kílò 1.5 ni omi inú rẹ̀. Ẹ kó ìgò méjì tó kún sínú àpò ọ̀rá tó lágbára fún okùn 20 lb, ìgò kan fún 12 lb. Ẹ fi okùn gba inú gbogbo òrùka ọ̀pá, ẹ so ó mọ́ àpò náà, kẹ́ ẹ wá rọra gbé ọ̀pá sókè, kó má dúró ṣánṣán. Bí àpò bá kúrò nílẹ̀ láìjẹ́ pé ríìlì tú okùn, ìjánu ti le jù. Ẹ dẹ̀ ẹ́ títí okùn á fi máa yọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ bí àpò bá ti fẹ́ kúrò nílẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí. Gbogbo àárọ̀ tẹ́ ẹ bá ń lọ sódò ni kẹ́ ẹ tún un wò.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ẹ má jẹ́ kó fi iye bíárìn (irin inú ríìlì tó ń jẹ́ kó yí geere) tí wọ́n kọ sára páálí tàn yín. Ríìlì oníbíárìn mẹ́wàá tí ìjánu rẹ̀ ń ta gìrì, ẹrù lásán ni. Ẹ lọ́ ìjánu dé ìdajì, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ fa okùn: ó gbọ́dọ̀ máa bọ̀ geere, láìdúró, láìta. Bó bá ń dúró tó ń ta, ẹ dá a padà fún un, ẹ jẹ́ kó máa bínú.

Ní ti ọ̀pá, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ lókè ibi ìdìmú. Ọ̀pá tí wọ́n kọ 10–20 lb sí, okùn 50 lb kọ́ ló yẹ ẹ́. Okùn ò ní já, ọ̀pá ni yóò ṣẹ́. Mítà 2.1 tó fún ọkọ̀ àti èbúté. Mítà 3.6 wà fún ẹni tó ń jù ú kọjá ìgbì létí òkun Àgbádárìgì, kì í ṣe fún inú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Ẹ fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu inú òrùka kọ̀ọ̀kan yípo. Ibi tí òwú bá ti há, ó ti sán níbẹ̀, yóò sì máa gé okùn yín. Ọ̀pá fáíbà wúwo ju ti kábọ̀ọ̀nù lọ, àmọ́ ó ń gba ìfarapa inú ọkọ̀ dáadáa, òun la fẹ́ fún ọ̀pọ̀ yín. Kábọ̀ọ̀nù ń gbé iná mànàmáná: ẹ má nà án lábẹ́ wáyà NEPA, ẹ kó o wálẹ̀ bí àrá bá ti ń sán.

Ẹni tó ń wá kútà, ẹja tí eyín rẹ̀ ń gé okùn, kó so wáyà ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sáàárín okùn àti ìwọ̀.

Nígbà ẹ̀rùn tí iyọ̀ bá wọ omi ọ̀sà, ẹ fi omi tútù tí kò níyọ̀ wọ́n ríìlì lára kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ má rì í sómi. Ìjánu dídì ni kó wà nígbà tí ẹ bá ń wọ́n omi, kí omi má baà ráyè wọlé, ẹ tú u tó bá gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da òróró ẹ́ńjìnnì sí ìjánu mọ́. A ti sọ ọ́ títí.