Orúnkún Tó Ń Ro Ni Kò Fẹ́ Ìjókòó

Làkúrègbé tó sábà máa ń mú ẹni tó ti lé ní ọdún 40 ní orúnkún máa ń jẹ kèrékèré orí egungun díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ohun dídán tó máa ń dún lẹ́nu wa bí a bá ń jẹ ẹran. Kèrékèré náà kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ, bí a bá sì ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tí a ń gbé e ni omi náà ń ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó pa nítorí ìrora ń febi pa kèrékèré náà ni.

Iṣan itan ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lágbára, nítorí òun ló ń bá orúnkún gbé ẹrù. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, ẹ fún iṣan itan pọ̀ títí yóò fi le gbagidi lókè orúnkún, ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ tó rọra sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà 10 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dìde kí ẹ sì máa jókòó láìfi ọwọ́ ti àga. Bí èyí bá ṣòro, ẹ gbé ìrọ̀rí lé àga kí ó lè ga sí i.

Ní ti ìrìn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ ní Abuja, sísọ̀kalẹ̀ ló sì máa ń dun orúnkún jù, nítorí náà ẹ wá ibi tó tẹ́jú, irú bí etí adágún Jabi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lépa, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹ débẹ̀ lóṣù yìí. Nígbà ọyẹ́, tí oríkèé máa ń le láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí oòrùn mú díẹ̀ kí ẹ tó jáde. Ìrora díẹ̀ lójú ọ̀nà kò burú. Bí ó bá ṣì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ dín ìrìn náà kù, ẹ má pa á tì.

Kílò 1 tó bá kúrò lára ẹni tó sanra ń gbé ẹrù bíi kílò 4 kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Ìyá ọkọ tó mọ̀ pé orúnkún ń ro ìyàwó ọmọ òun kò ní bínú bí ó bá tẹ̀ ba díẹ̀, ẹni tí kò bá sì lè wólẹ̀ kírun lè jókòó sórí àga kírun.

Bí orúnkún bá wú, tó gbóná, tó pọ́n, tí ibà sì bá a wá, ẹ dá eré ìdárayá dúró, kí ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.