Omi àti Ibòòji fún Ẹyẹ Ìgbẹ́ Lásìkò Ooru àti Iná

Ẹyẹ kì í làágùn. Bí ooru bá mú un, ẹnu ló máa ń là sílẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀fun rẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì na ìyẹ́ apá méjèèjì kúrò lára. Omi ara rẹ̀ ló ń ná bẹ́ẹ̀. Bó bá wà lábẹ́ ibòòji, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má lé e kiri.

Omi lẹ máa kọ́kọ́ gbé síta. Àwo amọ̀ sàn ju ti irin lọ, torí irin tètè ń gbóná. Kí omi náà má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí ẹ sì gbé òkúta kan sáàárín tí orí rẹ̀ yọ síta, kí àwọn kéékèèké lè bà lé e. Ẹ gbé e sókè níbi tí ológbò kò ti ní í ká a mọ́. Ẹ fọ àwo náà lójoojúmọ́; ibi tí ẹyẹ púpọ̀ bá ti ń mu omi kan náà ni àrùn ti ń ràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dúrọ́ọ̀mù tàbí ọpọ́n omi ẹran ọ̀sìn, ẹ fi igi kan dábùú sínú rẹ̀. Ẹyẹ tó já sínú omi jíjìn kì í rọ́nà jáde.

Ká tó dáná sun òkìtì koríko, níbi tí òfin bá gbà á, ẹ tú u wò ná. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àparò ń yé sí.

Lẹ́yìn iná, ẹ má wọ ibẹ̀ títí àwọn panápaná á fi ní ó yá. Igi tí iná ti jẹ gbòǹgbò rẹ̀ lè wó láìjẹ́ pé atẹ́gùn fẹ́. Òkú igi tó níhò, tí kò halẹ̀ mọ́ ilé tàbí ọ̀nà, ẹ má gé e. Inú rẹ̀ ni òwìwí àti odídẹrẹ́ ń gbé, irú ihò bẹ́ẹ̀ sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó là.

Bẹ́ ẹ bá rí ẹyẹ tí kò lè fò, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, kẹ́ ẹ gbé e sínú páálí tẹ́ ẹ ti lu ihò sí, níbi tó tutù, tó ṣókùnkùn, tí ariwo kò sí. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu. Àánú ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pa ẹyẹ nídìí èyí: ẹ̀yìn ahọ́n gan-an ni ihò èémí rẹ̀ wà, omi náà á sì gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fi òróró pa ibi tí iná ti jó o lára. Ẹ pe dókítà ẹranko, kódà bó bá ti lajú tó sì ń rìn, torí èéfín tó fà símú lè má tíì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn títí di ọjọ́ kejì.