Bí mo ṣe gba ìṣirò owó tiransifọ́mà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù wa

₦120,000 ni wọ́n bù lé ilé kọ̀ọ̀kan ládùúgbò wa, lápá Ọ̀tà-Ẹ̀fun ní Òṣogbo, nígbà tí tiransifọ́mà wa jó. Mo san tèmi láìjanpata. Inú òkùnkùn la ṣì wà tí wọ́n tún ní ká mú ₦50,000 wá, pé èyí tá a dá kò tó. Ẹja inú fíríìsà tí ìyàwó mi ń tà ti bàjẹ́ dànù nígbà yẹn. Inú bí mi gidigidi.

Bí wọ́n ṣe ń pe ìpàdé, gbogbo onílé ló mọ̀ ọ́n. Ìwé ìṣirò ló mú mi lómi.

Mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ akápò, ó ní ọwọ́ akọ̀wé ló wà. Akọ̀wé ní ọwọ́ alága ló wà. Mo dọ́dọ̀ alága, mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá fún mi lómi mu, wọ́n wá ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jẹ́ igbó kìjikìji nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Mo rọra tún béèrè ìwé.

"Ọmọ mi, ṣé o rò pé a kówó jẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń tú ẹgbẹ́ ká. Ẹni tó bá ti béèrè ìṣirò ti di ọ̀tá nìyẹn. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń pè mí ní adàlúrú lórí WhatsApp. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn níbẹ̀, ẹ má sì dáhùn tó bá kàn yín.

Lẹ́tà ni mo kọ: èló ló wọlé, èló ló jáde, ta ni kò tíì san? Àwọn onílé mìíràn bá mi fọwọ́ sí i. Mo ní kí akọ̀wé fọwọ́ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi pé òun gbà á. Ibẹ̀ ni wọn ò ti rí i bò mọ́lẹ̀ mọ́.

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, ìwé jáde, ìwé ọmọ iléèwé kan báyìí tí epo ti ta sí lẹ́yìn. Owó ò sọnù. Orúkọ ilé wà níbẹ̀, iwájú ọ̀pọ̀ wọn ṣófo, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sì wà lára wọn! Àwa tá a ti san ni wọ́n fẹ́ kó dí àlàfo wọn. A fagi lé ₦50,000 náà lójú ẹsẹ̀, àwọn tó jẹ gbèsè san án, iná sì dé. Mo yangàn lọ́jọ́ náà.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Ìlànà tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé jáde ní 2015 ní kí àdúgbò tó bá fẹ́ fowó ara rẹ̀ ra irú nǹkan báyìí kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ tó ń pín iná tọwọ́ bọ̀wé, kówó náà lè padà sọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò. Ẹgbẹ́ wa ò ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ra tiransifọ́mà náà. Ẹ béèrè ìwé àdéhùn yẹn kẹ́ ẹ tó dá kọ́bọ̀. Èmi ti ní kí ẹgbẹ́ kọ̀wé lé owó wa, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi.