Tírélà Kékeré Ẹ̀yìn Ọkọ̀: Lílò àti Ìtọ́jú Rẹ̀ fún Àgbẹ̀ àti Onílé ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Tírélà tí ìwé yìí ń sọ kì í ṣe àwọn gàgàrà tó ń gbé kọntéínà kọjá lọ́nà Ìbàdàn. Kékeré ni tiwa. Ẹsẹ̀ méjì ló sábà máa ń ní, kò ní ẹ́ńjìnnì, Hilux tàbí katakata ló ń fà á. Òmíràn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wẹ́dà, òmíràn jẹ́ tòkunbọ̀. Òun la fi ń kó kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ wálé láti oko, òun la fi ń gbé omi, òun náà la fi ń kó ẹrù bí a bá ń kó kúrò nílé kan sí òmíràn. Àwọn kan tilẹ̀ kan ògiri pákó àti òrùlé lé e, wọ́n ń sùn nínú rẹ̀ ní abà lásìkò kòkó, kí olè má baà palẹ̀ ohun tí wọ́n sá mọ́ lóru.

Ohun tó ń ba tírélà jẹ́ jù ni pé kì í pariwo. Bí ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ò bá yá, yóò húkọ́, yóò rú èéfín, ẹ ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Tírélà ò ní húkọ́. Gíríìsì inú ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbẹ tán láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, títí ẹsẹ̀ kan yóò fi yọ lọ́jọ́ kan, tí yóò sì máa yí lọ níwájú yín lójú títì. Inú ẹsẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Béárìn àti gíríìsì

Ẹ tú ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Oṣù kẹjọ dára jù, nítorí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà, kòkó ńlá kò sì tíì dé. Bí tírélà yín bá ń rìn púpọ̀, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá kìlómítà 15,000 kí ẹ tó tún un ṣe.

Ẹ fi òkúta dí ẹsẹ̀ kejì níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ tó fi jáàkì gbé e. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé pákó tó nípọn sábẹ́ irin, nítorí jáàkì nìkan kò tó gbọ́kàn lé. Búlọ́ọ̀kù oníhò kò dára fún iṣẹ́ yìí rárá: bí irin bá tẹ̀ ẹ́ lójú kan, ńṣe ni yóò fọ́ lójijì.

Bí táyà bá ti kúrò, ẹ yọ ìdérí kékeré tó wà láàrin họ́ọ̀bù (irin àárín ẹsẹ̀ tí a ń de táyà mọ́), ẹ na ẹsẹ̀ píìnì tó tẹ̀, ẹ fà á yọ, ẹ tú nọ́ọ̀tì ńlá, kí ẹ sì fa họ́ọ̀bù jáde. Kẹrosíìnì tàbí dísù ni kí ẹ fi fọ béárìn inú rẹ̀, ìyẹn irin tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yí wẹ́rẹ́, mọ́ tónítóní. Ẹ má lo bẹntiróòlù, iná ló ń pè. Ẹ wá gbé béárìn náà síbi tí oòrùn wà, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wo irin róbótó inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dán bíi ṣíbí tuntun, ó ṣì dára. Bí ó bá ní ojú ihò kéékèèké bí ara tí ṣọ̀pọ̀nná bà jẹ́, tàbí tí ó pọ́n dúdú bí irin tí iná jó, ó ti kú nìyẹn. Bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ ra òrùka irin tó jókòó lé pẹ̀lú rẹ̀. Béárìn tuntun nínú òrùka àtijọ́ kì í pẹ́ kí ó tó bà jẹ́, owó yín á sì ṣègbé.

Bí a ṣe ń fi gíríìsì sí i ló ń fi ẹni tó mọ iṣẹ́ hàn. Kíkùn ún lára béárìn bí ìpara kò tó. Ẹ bu gíríìsì tó tó ẹyin kan sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mú béárìn, kí ẹ máa fi etí rẹ̀ tó fẹ̀ gún gíríìsì náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́, títí gíríìsì yóò fi yọ láti òkè láàrin àwọn irin róbótó. Ẹ yí i, kí ẹ tún gún un, títí yóò fi yí po. Ẹ má po oríṣi gíríìsì méjì pọ̀, nítorí àwọn kan máa ń ṣàn bí omi bí wọ́n bá pàdé. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn họ́ọ̀bù (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí gíríìsì jò) pẹ̀lú, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ máa fi ọwọ́ kan yí họ́ọ̀bù bí ẹ ti ń fún nọ́ọ̀tì, títí họ́ọ̀bù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Ẹ wá dẹ nọ́ọ̀tì náà padà, kí ẹ fi ìka lásán fún un, láìlo sípánà. Ẹ ki píìnì tuntun bọ̀ ọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fún un le koko, wọ́n ní kí ó má baà yọ. Fífún le yẹn gan-an ló ń jó béárìn.

Ẹ dán an wò lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn kìlómítà 15 tàbí 20, bí ẹ bá ti Ifẹ̀ jáde tí ẹ fẹ́ máa lọ sí Iléṣà, ẹ dúró níbi tó láàyè, kí ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ àárín họ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Bí ọwọ́ ò bá lè dúró lára rẹ̀, tàbí tí ọ̀kan gbóná ju èkejì lọ gan-an, ẹ má tẹ̀síwájú.

A ní láti sọ ti odò. Lọ́nà oko, pàápàá lápá Ifẹ̀tẹ̀dó àti Olódè, tírélà máa ń la omi kọjá nígbà òjò. Họ́ọ̀bù tó gbóná tó kó sínú omi tútù yóò tutù lójijì. Atẹ́gùn inú rẹ̀ á súnkì, á sì fa omi gba ẹ̀yìn síìlì wọlé. Láàrin oṣù kan, gíríìsì á ti funfun bí ògì, béárìn á sì ti dípẹtà. Bí ẹ bá dé etí odò, ẹ sinmi bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹsẹ̀ tutù kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bí omi bá bo họ́ọ̀bù mọ́lẹ̀, ẹ tú u láàrin ọ̀sẹ̀ náà.

Bọ́ọ̀lù àti ẹnu ìkọ́

Bọ́ọ̀lù irin ẹ̀yìn ọkọ̀ àti ẹnu tírélà tó ń gbé e mì gbọ́dọ̀ bára mu. Tírélà tó ti Yúróòpù wá máa ń lo milimítà 50. Ti Amẹ́ríkà ní ínṣì 1⅞, ínṣì 2 àti ínṣì 2 5/16. A máa ń tẹ iye náà sórí bọ́ọ̀lù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpẹtà lè ti bò ó. Èyí tó ń tan èèyàn jù ni 1⅞, tó jẹ́ milimítà 47.6. Yóò wọ ẹnu ínṣì 2 wẹ́rẹ́, yóò tì pa, gbogbo rẹ̀ á dà bí èyí tó dára. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá já sí kòtò ni yóò fò yọ. Bọ́ọ̀lù milimítà 50 tó ti jẹ dé 49 kò tún ṣeé lò mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ó, ẹ fi ẹsẹ̀ ìdúró iwájú tírélà gbé e sókè díẹ̀. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ń bá a gòkè, ó ti mú un dáadáa. Bí tírélà nìkan bá gòkè, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ̀wọ̀n méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì dábùú ara wọn lábẹ́ ọ̀pá iwájú. Bí ẹnu ìkọ́ bá yọ, orí ẹ̀wọ̀n tó dábùú yẹn ni ọ̀pá yóò balẹ̀ lé, kò ní gún ojú títì. Kí ẹ̀wọ̀n má wọ́ nílẹ̀, kí ó sì gùn tó láti yí kọ́nà. Okùn kò lè ṣiṣẹ́ ẹ̀wọ̀n o, bó ti wù kó nípọn tó.

Ẹrù

Ẹ mọ ìwọ̀n ohun tí ẹ ń gbé. Àpò kòkó kan tó gbẹ jẹ́ bíi kílò 62.5, ìyẹn àpò mẹ́rìndínlógún fún tọ́ọ̀nù kan. Sìmẹ́ńtì 20 jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Omi lítà kan, kílò kan: táǹkì lítà 1,000 jẹ́ tọ́ọ̀nù kan láìtíì ka ike rẹ̀, ogójì kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tírélà tí wẹ́dà ṣe kò yẹ kó gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí áàsù tí wọ́n fi ṣe é, ìyẹn ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, jẹ́ ti ọkọ̀ kékeré. A fẹ́ràn kẹ́ẹ̀gì ju táǹkì lọ. Omi ààbọ̀ táǹkì máa ń bì sọ́tùn-ún bì sósì, á sì máa ti ọkọ̀ yín kiri ní kọ́nà.

Ibi tí ẹrù jókòó sí ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n rẹ̀. Kí bíi ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wà níwájú áàsù. Ohun tí ọ̀pá iwájú ń tẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo. Òṣùwọ̀n ilẹ̀ tí àwọn oníkòkó fi ń wọn àpò tó láti mọ̀ ọ́n: ẹ to pákó sórí rẹ̀ títí yóò fi ga tó bọ́ọ̀lù, ẹ gbé ẹnu ìkọ́ lé e, kí ẹ kà á, kí ẹ sì yọ ìwúwo pákó kúrò níbẹ̀. Ká ní tírélà òfìfo jẹ́ kílò 300, tí ẹ di àpò kòkó méjìlá lé e, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,050. Òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ wà láàrin 105 sí 157. Bí ó bá jẹ́ 60, ẹ sún àpò síwájú.

Ẹ̀yìn tó wúwo ló ń mú kí tírélà máa ju ìrù bí ẹja. Bí èyí bá bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì, ẹ má sì bá a du sítíárìn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ epo, ẹ di sítíárìn mú gbọingbọin ní tààrà, yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dúró kí ẹ tún ẹrù tò. Tiwa ni pé kí tírélà tó lẹ́rù má ré kọjá kìlómítà 60 láàrin wákàtí kan. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, irú èyí tó sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè wá sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ ti jíà kékeré bọ ọkọ̀ lókè, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Bíréèkì tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ á gbóná débi pé kò ní mú mọ́.

Ní ti fífi ẹ̀yìn rìn, ẹ gbá ìsàlẹ̀ sítíárìn mú. Ibi tí ọwọ́ yín bá lọ ni ìdí tírélà yóò lọ.

Táyà àti iná

Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín púpọ̀ kó sì ti gbó. Ẹ wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ìparí ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó bá ti lé lọ́dún mẹ́fà, ẹ má gbé ẹrù lé e, kódà bí fọkanáísà bá búra. Òwúrọ̀, kí táyà tó rìn, ni kí ẹ wọn atẹ́gùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ẹsẹ̀ tí ẹ sì dá a padà, ẹ tún nọ́ọ̀tì fún ní nǹkan bíi kìlómítà 80.

Bí iná tírélà bá ń ṣe ségesège, tí tìráfíkétọ̀ ń mú gbogbo gílóòbù tàn fírífírí, ẹ má tíì ra gílóòbù. Wáyà funfun, tó jẹ́ ááti (èyí tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ara irin tírélà), ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ha ọ̀dà kúrò lára irin níbi tí bóòtù rẹ̀ wà títí yóò fi dán, ẹ fún un padà, ẹ fi gíríìsì bò ó. Bí tírélà bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ sọ fún rìwáyà pé wáyà yẹ́lò ló ń gbé bíréèkì àti tìráfíkétọ̀ òsì pọ̀, gíríìnì sì ń gbé ti ọ̀tún. Ti Yúróòpù ya bíréèkì sọ́tọ̀ sórí wáyà pupa. Bí rìwáyà ò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, iná bíréèkì yín lè má tàn rárá.

Ilẹ̀ tírélà

Omi ẹ̀gẹ́ kan, omi tó ń ro lára kòkó tútù náà kan, àwọn méjèèjì sì ń jẹ irin. Ajílẹ̀ onípáùdà burú jù wọ́n lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá kó wọn ni kí ẹ fi omi fọ tírélà, kí ẹ sì ríi pé ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ rẹ̀ kò dí. Níbi tí ọ̀dà bá ti bó, ẹ ha ìpẹtà, ẹ kùn ún ní ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà ń lò kí wọ́n tó kun ọ̀dà gidi.

Bí ẹ bá ń sùn nínú rẹ̀

Ẹ fi igi tó nípọn gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sì dí ẹsẹ̀, kí ó má baà dojú délẹ̀ bí ẹni méjì bá jókòó sí ìdí. Jẹnẹrétọ̀, àdògán eléèédú àti sítóòfù kò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀ bí ẹ bá sùn. Èéfín wọn ní gáàsì kan tí kò ní òórùn, oorun lásán ló fi ń pa èèyàn. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà ogún, kí èéfín rẹ̀ kọjú síbòmíràn, kí fèrèsé méjì tó dojú kọra sì ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

Bí kòkó bá tán

Ẹ gbé e sórí igi kí ìwúwo má dúró lórí táyà fún oṣù púpọ̀, ẹ fi àpò bo táyà nítorí oòrùn ọyẹ́, ẹ fi ọ̀rá di ẹnu ìkọ́. Ẹ máa yẹ igi náà wò nítorí ikán. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde, ẹ fi igi gígùn gbá abẹ́ tapólì àti inú ẹnu ìkọ́ kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀: agbọ́n fẹ́ràn ibi ṣókùnkùn bẹ́ẹ̀, ejò náà sì fẹ́ràn rẹ̀.