Bí A Ṣe Lè Kọ Ìtàn Obìnrin Amẹ́ríkà Kan Kí Iṣẹ́ Rẹ̀ Lè Hàn

Ẹni tó bá fẹ́ kọ nípa àwọn obìnrin tó ṣe gudugudu méje, yààyà mẹ́fà nínú ìtàn Amẹ́ríkà sábà máa ń to ogún orúkọ jọ, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kúrò lọ́kàn. Ẹ mú obìnrin kan ṣoṣo, kí ẹ sì mú ọjọ́ kan nínú ayé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí ohun tí òfin wí lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé Susan B. Anthony, obìnrin tó jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn obìnrin, dìbò ní ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ New York lọ́dún 1872, tí ẹ kò sì sọ pé ọdún 1920 ni ìwé òfin Amẹ́ríkà tó fòfin de fífi ìbò du ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, òǹkàwé kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi mú un, tí adájọ́ sì bu ìtanràn dọ́là 100 fún un, owó tí kò san títí ó fi kú.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni kí ẹ ya ìtàn ẹnu sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wo Rosa Parks, obìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n mú nítorí pé ó kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì ní ìlú Montgomery, ìpínlẹ̀ Alabama, nígbà tí òfin ya ìjókòó aláwọ̀ funfun àti ti adúláwọ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ó jẹ́ ìyá arúgbó aránṣọ kan tí ó ti rẹ̀. Ẹni ọdún 42 ni lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1955, ó sì ti di akọ̀wé ẹgbẹ́ NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀, ní Montgomery láti ọdún 1943. Kì í ṣe ìjókòó àwọn aláwọ̀ funfun níwájú ni ó jókòó sí. Àárín bọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí awakọ̀ ní kí àwọn adúláwọ̀ mẹ́rin tó wà ní ìlà yẹn dìde, àwọn mẹ́ta dìde, ṣùgbọ́n Parks kò dìde, ńṣe ni ó sún kọjá sí ìdí fèrèsé. Sísún yẹn, ní tèmi, sọ̀rọ̀ ju gbogbo oríyìn lọ.

Ẹ tún béèrè ẹni tó ti ṣe é ṣáájú. Claudette Colvin, ọmọ ọdún 15, ti kọ̀ láti dìde nínú bọ́ọ̀sì ní ìlú yẹn kan náà ní oṣù Kẹta ọdún 1955, ó sì wà lára àwọn obìnrin mẹ́rin tí ẹjọ́ wọn fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ inú bọ́ọ̀sì ní ọdún 1956. Parks kò sí nínú ẹjọ́ náà.

Ní ti iye, ẹ má fi kún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ ọ́ pé 300 ẹrú ni Harriet Tubman, obìnrin tó sá kúrò lóko ẹrú tó sì padà lọ gba àwọn mìíràn sílẹ̀, kó jáde ní ìpínlẹ̀ Maryland, ṣùgbọ́n nǹkan bí 70 ni àwọn olùwádìí gbà, nínú ìrìn-àjò bí 13. Ẹni tí èyí bá kéré lójú rẹ̀ kí ó lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní odò Combahee ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní oṣù Kẹfà ọdún 1863, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, níbi tí Tubman ti ṣamọ̀nà fún àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, tí ẹrú tó lé ní 700 sì gba òmìnira lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.